Ìka Méjì Lábẹ́ Àgbọ̀n

Kí n tó bínú, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́, torí bí mo bá fi ìbínú bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ilẹ̀ á ṣú kí n tó dé ibi ọpẹ́. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í pẹ́ bínú. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Bàbá mi ló ṣe mí lóore, òun gan-an ò sì mọ̀ pé oore ni. Ó rò pé òun ba ayé mi jẹ́ ni.

Onígbàjámọ̀ ni bàbá mi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ju yàrá kan lọ: àga kan tó ń yí, bẹ́ǹṣì kan nítòsí ilẹ̀kùn fún àwọn tó ń dúró, dígí ńlá níwájú, dígí ńlá lẹ́yìn, kí oníbàárà lè rí ìpàkọ́ ara rẹ̀ kó tó dìde. Ìyá mi ti di olóògbé tipẹ́, nítorí náà inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo ti dàgbà, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ mi, ibẹ̀ ni mo ti ń gbá irun olówó àti irun tálákà pọ̀ sínú garawa kan náà. Má-mirí ni àwọn oníbàárà ń pe bàbá mi, torí bí kílípà bá ti ń dún, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ìyókù, ọwọ́ ló fi ń sọ ọ́. Bó bá fẹ́ kí o gbórí sókè, á wo ojú rẹ nínú dígí, á sì fi ìka méjì kan abẹ́ àgbọ̀n ara rẹ̀, jẹ́jẹ́. O ó kàn rí i pé orí rẹ ti lọ sókè ni. Ó ti fi ìka méjì yẹn gbé orí adájọ́ sókè, ó ti fi gbé ti alágbàṣe. Bí mo bá sì ti ilé ẹ̀kọ́ dé tí mo sorí kọ́ torí pé mo fìdí rẹmi, ìka méjì yẹn náà ni, kò sí ìwàásù kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Wàyí o, ó kan ìbínú. Mo parí ẹ̀kọ́, mo ní kí n wáṣẹ́. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀gá ni mo ń wá. Iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni, iṣẹ́ ẹni tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń sọ fún àlejò pé, “Ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó, wọ́n ń bọ̀.” Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ti ayé ìsinsìnyí, ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ ni wọ́n ń wá fún un. Wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà pé àwọn fẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á tún kọ ọ́ pé kó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ṣé inú ikùn ìyá mi ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni?

Wọ́n á ní kí o ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ àwọn, kí o dá páásìwọ́ọ̀dù tó ní lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré, nọ́ńbà, àti àmì kan tí n ò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Wọ́n á ní kí o fi ìwé tó sọ ìtàn ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ rẹ ránṣẹ́. O bá fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní kí o tún gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà tẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, sínú àwọn àpótí kéékèèké. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ ńkọ́, ṣé ẹ fi nuwọ́ ni? Ìgbà tó tún yá, wọ́n ní kí n wá ṣeré lójú fóònù: kí n máa fẹ́ bàlúùnù kan, kí n jẹ́ kó tóbi bó bá ṣe lè tóbi, kó má ṣáà bẹ́. Mo fẹ́ ẹ, ó bẹ́. Wọ́n ní ó fi hàn pé n ò ní sùúrù. Wọn ò parọ́, ṣùgbọ́n ta ló ní kí bàlúùnù tú mi láṣìírí?

Àwọn kan nínú àwọn tí mo kọ̀wé sí ò fèsì rárá. Àwọn mìíràn fèsì kí n tó gbé fóònù sílẹ̀: “Lẹ́yìn tí a ti fara balẹ̀ yẹ̀ ọ́ wò.” Ìfarabalẹ̀ wo? Omi tí mo gbé kaná ò tíì hó.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Àǹtí Àgbà, ò gbà pé ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ẹnu ọ̀nà lòun náà ṣe ní ilé ìtẹ̀wé kan títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ní, “Èmi ò tẹ nǹkan kan o. Mo wọ bàtà mi, mo wọlé lọ, mo kí ọ̀gá. Ó bi mí pé ta ló bí mi, mo sọ fún un. Ó ní ṣé mo lè kọ orúkọ èèyàn kí n má ṣì í kọ, mo kọ tirẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ti wà lórí àga. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọmọ mi. Lọ fojú hàn wọ́n.”

Mo lọ fojú hàn wọ́n. Ọlọ́dẹ tó wà ní géètì ilé iṣẹ́ tí mo lọ ò jẹ́ kí n kí i tán tó fi nawọ́ sí bébà kan lára ògiri. Ó ní, “Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni.”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹni tó ń gbani síṣẹ́, ṣé ó wà nínú ilé yìí àbí kò sí?”

Ó ronú sí i díẹ̀. Ó ní, “Ó wà níbí. Ṣùgbọ́n orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà.”

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Mo rẹ́rìn-ín dé ibùdókọ̀, ìgbà tí mo débẹ̀ ni mo wá bú sẹ́kún.

Gbogbo èyí ì bá má dùn mí tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ti ọwọ́ bàbá mi. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo rí i bó ṣe ń fi ọwọ́ òsì gbá ọ̀tún mú kó tó gbé kílípà kan etí èèyàn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọwọ́ tó ń gbọ̀n jẹ́ fún onígbàjámọ̀. Mo fẹ́ ríṣẹ́ kó lè gbé kílípà sílẹ̀ kó tó di pé oníbàárà ló máa ní kó gbé e sílẹ̀. Ohun tí mo ń wá kiri nìyẹn, tí mo ń tìtorí rẹ̀ fẹ́ bàlúùnù.

Nígbà tó yá, ilé ìwòsàn ojú kan kọ̀wé sí mi pé mo ti yege dé ìpele íńtáfíù. Inú mi dùn, mo ti ń wá bàtà tí màá wọ̀, kí n tó ka ìyókù. Kì í ṣe èèyàn ni màá bá sọ̀rọ̀. Ìbéèrè á yọ lójú fóònù, màá kọjú sí ihò kámẹ́rà, màá máa dáhùn, aago á máa ka àkókò mi lọ sí òfo. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, kò sí àtúnṣe. Mo ti ṣe irú rẹ̀ rí níbòmíràn, ẹ̀rọ tó yẹ̀ mí wò sọ pé mo dojú bolẹ̀ jù. Kí ni kí n máa wò? Èmi tí mo lè bá ògiri jiyàn, bí mo bá ti dé iwájú ihò bíńtín yẹn, ọ̀rọ̀ á gbẹ lẹ́nu mi, orí mi á sì máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nílé wa, àwọn tó ń gbé lókè ń tún ilẹ̀ yàrá wọn ṣe, òòlù ò sinmi. Bàbá mi ní, “Ìyá mi, wá ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, kí n tó ṣí.” Ìyá mi ló máa ń pè mí.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe débẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Mo jókòó sórí àga oníbàárà, mo gbé fóònù lé pẹpẹ iwájú, láàárín ìyarun àti agolo páúdà ọrùn. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síta.”

Ó ní, “Bí oníbàárà bá fẹ́ wọlé ńkọ́?”

“Ìta náà lẹ ó ti dá a dúró.”

“Oòrùn wà níta.”

Oòrùn wo? Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni. Ibi tí wọ́n bá ní kí gbégbé má gbé, ibẹ̀ ní í gbé. Ó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Mo wo ojú fóònù dáadáa, èmi nìkan ló wà níbẹ̀, bẹ́ǹṣì ò sí nínú rẹ̀. Mo ní ó dáa, kẹ́ ẹ má ṣáà sọ̀rọ̀. Ó bi mí pé ìgbà wo lòun sọ̀rọ̀ rí.

Ìbéèrè kìíní yọ: kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mo dárúkọ ara mi, mo dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ mi, ó tán. Àkókò ṣì kù rẹpẹtẹ. Mo ń wo ihò, ihò ń wò mí, orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Mo fi ẹ̀gbẹ́ ojú rí ọwọ́ bàbá mi tó gbéra lórí itan rẹ̀. Ìka méjì, lábẹ́ àgbọ̀n, wọ́n ń gbọ̀n. Orí mi lọ sókè fúnra rẹ̀. Mo bá ara mi tí mo ń sọ pé ọmọ onígbàjámọ̀ ni mí, pé inú ṣọ́ọ̀bù tí mo jókòó sí yìí ni wọ́n ti tọ́ mi.

Ìbéèrè kejì: kí n sọ ìgbà kan tí mo pẹ̀tù sí ẹni tó ń bínú. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé èmi gan-an ni wọ́n máa ń pẹ̀tù sí. Orí mi tún ń lọ sílẹ̀. Ìka méjì tún gòkè. Ni mo bá rántí ọkùnrin kan tí kílípà kú sí lórí. Wọ́n ti fá apá ọ̀tún rẹ̀ kodoro, apá òsì ṣì kún fún irun, ó sì ń lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ fi obìnrin kan hàn án. Bàbá mi sáré jáde lọ yá kílípà. Ọkùnrin náà dìde, ó ń bú wa, ó ń bú ẹni tó ṣe kílípà, ó ń bú ẹni tó júwe ṣọ́ọ̀bù wa fún un. N ò bẹ̀ ẹ́. Mo fún un lómi, mo sì bi í pé irú èèyàn wo ni obìnrin náà. Ó jókòó. Nígbà tí bàbá mi fi máa dé, ó ti ń bi mí bóyá kó kọ́kọ́ sọ fún obìnrin náà pé òun ti bímọ kan, àbí kó fi í di ìgbà mìíràn. Mo ní kó sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an, torí orí tó bá dán kì í fi nǹkan pamọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ihò yẹn, mo tún rẹ́rìn-ín sí i. Gbogbo ọdún tí mo fi ń jókòó ti ìbínú àwọn èèyàn nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sígbà kan tí mo kà á sí iṣẹ́, n ò sì tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí kankan rí.

Nígbà tó parí, bàbá mi ń fi aṣọ nu ojú. Ó ní irun ló kó sóun lójú. Kò sẹ́ni tó tíì gẹrun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí ímeèlì fi dé. Ẹ̀rọ ti dá fídíò mi dúró. Wọ́n ní ó rí ẹnì kejì nínú yàrá, tó ń fi ọwọ́ júwe ìdáhùn fún mi. Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo ti kà á, mo kà á sókè fún bàbá mi, mo ní, “Níbo ló ti rí yín? Ẹ ò sí lójú fóònù.” Àwa méjèèjì bá yíjú padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Dígí ẹ̀yìn.

Ó wà níbẹ̀ lẹ́yìn àga, ó fẹ̀ kárí ògiri, ó ń fi pẹpẹ hàn, ó ń fi bẹ́ǹṣì hàn, ó ń fi àwa méjèèjì hàn bí a ṣe la ẹnu sílẹ̀. Àwa tí a ń tara dígí jẹun. Bàbá mi ti nu dígí yẹn láràárọ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, èmi náà ti nù ún débi tí ó ti sú mi. Ẹlòmíràn ì bá rí i kó tó jókòó. Bó ti wù kí abẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Lábẹ́ ímeèlì náà, wọ́n ní kí n fèsì bóyá òótọ́ ni ẹnì kan wà níbẹ̀, kí n sì ṣàlàyé. Àǹtí Àgbà, tí mo pè lórí fóònù, ní kí n sọ fún wọn pé àwòrán ni. Mo ní, “Àǹtí, àwòrán tó ń gbé ọwọ́?” Ó ní kí n jẹ́ kóun ronú. N ò dúró dè é. Mo kọ ọ́ pé ẹnì kan wà níbẹ̀. Níbi àlàyé, inú ń bí mi débi pé ọ̀rọ̀ gígùn ò wá, mo kàn kọ ọ́ pé, “Bàbá mi ni.” Mo fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ ò ní bàbá, báwo ló ṣe máa mọ bàbá tó bá rí i?

Bàbá mi ò bá mi bínú sí ẹ̀rọ. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn aṣọ tó fi ń bo oníbàárà lọ́rùn, ó fi bo dígí ẹ̀yìn. Ó ní, “Mo bà á jẹ́ fún ọ, Ìyá mi. O ní kí n dúró síta.” Mo ní kò ba nǹkan kan jẹ́. Bóyá ohùn mi ò dùn tó, torí kò gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ó sorí kọ́. Ìka méjì yẹn, kò lò ó mọ́. Ẹnu ló fi ń sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n gbórí sókè, àwọn tó ti mọ̀ ọ́n látọjọ́ pípẹ́ á sì máa wò mí bí ẹni ń béèrè ẹni tó kú nílé wa. Ẹ wò ó, bí iṣẹ́ bá lọ, màá tún wá òmíràn. Ti ìka méjì yẹn ló ká mi lára jù. N ò lè sùn torí rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù mi dún. Ohùn obìnrin ni, ó ti rẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Ṣé ìwọ lo kọ ọ́ pé ‘Bàbá mi ni’?” Mo ní èmi ni, mà. Ó ní kí n wá rí òun ní ilé ìwòsàn ojú náà.

Àgbàlagbà obìnrin ni, ó gbé gíláàsì kan sójú, ó gbàgbé òmíràn sórí irun. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi. Èmi nìyẹn lórí àga, bàbá mi nìyẹn nínú dígí lẹ́yìn èjìká mi, ó tẹ̀ síwájú, gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ wà lójú.

Obìnrin náà ní, “Àwọn tí inú ẹ̀rọ bá dùn sí, ẹ̀rọ náà ló ń yàn wọ́n. N kì í rí wọn àfi ọjọ́ tí wọ́n bá wọṣẹ́. Àwọn tó bá fẹ̀sùn kàn nìkan ni wọ́n ń ní kí n fojú ara mi wò.” Ó nawọ́ sí bàbá mi. “Mo pa ohùn fídíò náà kí n lè rí ìdáhùn tí ọkùnrin yìí ń júwe. Mo wò ó títí, n ò rí ìdáhùn kankan. Kí ló ń sọ?”

“Gbórí sókè, mà.”

“Ẹ̀ẹ̀kejì ńkọ́?”

“Ó tún sọ ọ́ ni, mà. Òun náà ló máa ń sọ.”

“Ṣe é kí n rí i.”

Mo fi ìka méjì kan abẹ́ àgbọ̀n mi. Obìnrin náà gbórí sókè. Kò mọ̀ pé òun gbé e. Nígbà tó mọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, gíláàsì orí rẹ̀ já bọ́ sórí tábìlì, ó sì wò ó bí ẹni rí ohun tó ti ń wá láti àárọ̀.

Ó wá bi mí nípa ọkùnrin tí wọ́n fá orí rẹ̀ láàbọ̀, ó ní òun wá dá ohùn padà síbẹ̀, òun sì fẹ́ mọ bó ṣe parí. Mo ní ó fẹ́ obìnrin náà, ó ṣì ń wá gẹrun lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n kò tíì dárí ji kílípà. Ó mi orí. Ó ní, “Àwọn tó ń gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ojú àwọn ń lọ. Ẹni tó lè jókòó tì wọ́n ni mo ń wá. Lọ́jọ́ Ajé, ṣé wàá lè bẹ̀rẹ̀?”

N ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Nígbà tí mo dìde, ó ti ń tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, ó ní ẹ̀rọ ń béèrè ìdí tóun fi tú mi sílẹ̀. Mo yọjú wò ó. Ó kọ ọ́ pé, “Bàbá rẹ̀ ni.”

N ò pe bàbá mi lórí fóònù. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Àǹtí Àgbà jàre ní tirẹ̀. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà àtijọ́ kan wà lórí àga, bàbá mi dojú kọ ìpàkọ́ rẹ̀, kò wo òkè. Mo kọ́kọ́ fa aṣọ kúrò lójú dígí ẹ̀yìn. Ìró aṣọ yẹn ló jẹ́ kó wo dígí iwájú, ojú wa sì ṣe mẹ́rin níbẹ̀. Ó yára sọ ojú rẹ̀ kalẹ̀.

Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí ó fi tún wò mí nínú dígí. Ni mo bá fi ìka méjì kan abẹ́ àgbọ̀n mi.

Oníbàárà ló kọ́kọ́ gbórí sókè, torí ó ti mọ́ ọn lára. Bàbá mi wò mí, ó wo ìka mi, ó wo ojú mi. Ó pa kílípà. Orí rẹ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀, ó gòkè tán.

Mo ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọjọ́ Ajé ni mo ń bẹ̀rẹ̀.”

Ó gbé ọwọ́ lé orí oníbàárà rẹ̀, ó ní, “Má mirí,” orí òun gan-an ló sì ń mì.